Mọ́tò tí ò ní géèjì tẹ́mpíréṣọ̀: bẹ́ ẹ ṣe máa mọ bí ẹ́ńjìnnì yín ṣe gbóná tó kí iná pupa tó tàn

Mo ti kọjá Mowe lọ́jọ́ yẹn, Ìbàdàn ni mò ń lọ, AC ń tutù, ẹ́ńjìnnì ò yí ohùn padà, kò sí òórùn kankan, àfi bí iná pupa ṣe ṣàdédé tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Mọ́tò kékeré tòkunbọ̀ ni, kò ní géèjì ìgbóná rárá, iná búlúù kan fún ìgbà tó bá tutù, iná pupa kan fún ìgbà tó bá gbóná jù, ó parí. Kí n tó ríbi yà sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ, ooru ti ń rú jáde lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Hóòsì kan ló là tó ń jo omi díẹ̀díẹ̀, nígbà tá a sì wo bí omi ṣe gbẹ sára ẹ́ńjìnnì, ó hàn pé ó ti ń jo látàárọ̀, ìgbóná yẹn ti ń gòkè tipẹ́, mi ò kàn ní nǹkan tó máa sọ fún mi ni. Wọ́n ṣí tọ́ọ̀pù, ìyẹn sìlíńdà hẹ́ẹ̀dì tó wà lókè ẹ́ńjìnnì, wọ́n gbé e lọ bá àwọn onímaṣíìnì kí wọ́n fá ojú rẹ̀ kó tẹ́jú, wọ́n pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì, owó tí mo san níbẹ̀ tó ra sikánà kékeré tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ní ogún ìgbà, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Látìgbà yẹn mi ò wa mọ́tò kankan tí mi ò lè rí nọ́ńbà ìgbóná rẹ̀.

Àwọn kan máa ń sọ pé ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ jàre, mọ́tò ìsinsìnyí ti ní brainbox, ìyẹn kọ̀ǹpútà inú mọ́tò, brainbox ló ń ṣọ́ ẹ́ńjìnnì, tí nǹkan bá bàjẹ́ á sọ. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn o. Sẹ́ńsọ̀ ìgbóná ń bá brainbox sọ̀rọ̀ ní gbogbo ìgbà, òun ló ń pàṣẹ fún fáànù, tí ooru bá pọ̀ jù ó lè pa kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ AC, ó lè dín agbára ẹ́ńjìnnì kù. Cadillac tiẹ̀ gbé ẹ́ńjìnnì Northstar jáde láàárín àwọn ọdún 1990 tó jẹ́ pé tí omi bá tán nínú rẹ̀ pátápátá, á máa fi ìdajì àwọn sìlíńdà ṣiṣẹ́, á jẹ́ kí ìdajì tó kù máa fa afẹ́fẹ́ lásán kí wọ́n lè tutù díẹ̀, á sì máa pààrọ̀ wọn bẹ́ẹ̀ kí onímọ́tò lè rìn dé ibi tó ti máa rí ìrànlọ́wọ́. Torí náà àwọn tó yọ géèjì kúrò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ọ̀pọ̀ Toyota Yaris àti Honda Fit tó wà nígboro wa, iná méjì yẹn nìkan ló wà níbẹ̀. Kì í sì í ṣe gbogbo mọ́tò àtijọ́ ló ní géèjì omi, Volkswagen Ìjàpá ò ní, torí atẹ́gùn ló ń tu ẹ́ńjìnnì tiẹ̀, kò sí omi, kò sí rádíétọ̀, kí ni géèjì omi máa wá ṣe níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí mọ́tò yín ní géèjì, ẹ má tíì bọ́ sílé o. Ọwọ́ géèjì ayé ọjọ́un máa ń rìn, tẹ́ ẹ bá gun òkè á gòkè díẹ̀, tẹ́ ẹ bá sọ̀kalẹ̀ á wá sílẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò ìsinsìnyí, brainbox ló ń darí ọwọ́ géèjì yẹn, wọ́n sì ti sọ fún un pé kó dúró sáàárín ní gbogbo ìgbà tí ìgbóná bá wà láàárín ibi tí wọ́n kà sí dáadáa, torí àwọn oníbàárà máa ń bẹ̀rù tí wọ́n bá rí i tó ń mira, wọ́n á gbé mọ́tò tí ò ní nǹkan kan wá fún àyẹ̀wò. Àwọn Volkswagen kan wà tí ọwọ́ géèjì wọn á dúró sórí 90 díígírì Celsius gbagidi láti ìgbà tí omi bá ti tó bíi 75 títí tó fi máa kọjá 100. Ìyẹn ni pé ẹ́ńjìnnì lè kúrò ní 88 kó dé 104 kí ọwọ́ géèjì má sì mira rárá, ìgbà tó bá máa mira, á gbéra lẹ́ẹ̀kan náà ni, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí iná pupa.

Kí ló wá dé tí mo fi ní ó ṣì yẹ ká máa wo ìgbóná? Torí pé mọ́tò tí wọ́n ṣe fún iná pupa yẹn kọ́ là ń wà. Nígbà tí wọ́n pinnu ibi tí iná pupa máa ti tàn, wọ́n gbà pé kúlántì, ìyẹn oje tí wọ́n ń tà fún rádíétọ̀, tí wọ́n pò mọ́ omi ní ìdajì-ìdajì ló wà nínú rádíétọ̀, wọ́n gbà pé ìdérí rádíétọ̀ ṣì ń há atẹ́gùn mọ́nú, tẹmositáàtì, ìyẹn ẹnu-ọ̀nà kékeré tó máa ń ṣí kí omi lè lọ sínú rádíétọ̀ tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná tó, wà níbẹ̀, fáànù sì ń gbọ́ràn sí brainbox lẹ́nu. Omi lásán máa ń hó ní 100 díígírì. Àmọ́ kúlántì ìdajì-ìdajì lábẹ́ ìdérí tó dáa, èyí tí wọ́n kọ 1.1 sí lórí, ìyẹn bar 1.1, bó ṣe ń há atẹ́gùn mọ́nú tó, kò ní hó títí á fi kọjá 120. Ìyẹn ni wọ́n ṣe lè jẹ́ kí iná pupa dúró dìgbà tó bá sún mọ́ 120 kó tó tàn, torí omi ṣì máa wà nínú ẹ́ńjìnnì nígbà yẹn, àyè díẹ̀ ṣì wà. Ẹ wá wo mọ́tò tiwa. Omi kànga tàbí píọ̀-wọ́tà ló wà níbẹ̀, rọ́bà ìdérí rádíétọ̀ ti gbó, kò di nǹkan kan mú mọ́, omi yẹn á ti bẹ̀rẹ̀ sí í hó ní 100, 101, á máa ta jáde gba inú rísáfọ̀, iná pupa ò sì ní tàn torí ibi tó ń retí ò tíì pé. Èyí tó wá burú jù ni pé tí omi bá lọ sílẹ̀ ju ibi tí sẹ́ńsọ̀ wà lọ, ooru àti afẹ́fẹ́ ló kù tó ń kan sẹ́ńsọ̀ yẹn, ó lè máa sọ nọ́ńbà tó kéré gan-an ju bí irin ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó lọ. Mọ́tò míì á nọ́ọ̀kì tán kí iná pupa tó tàn, onímọ́tò á máa búra pé òun ò rí iná kankan, òótọ́ ló sì ń sọ.

Bó o ti wù kó rí, ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí iṣẹ́. Kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ wo iná yín ná. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ON láìtíì sítáàtì, gbogbo iná á tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ẹ wò ó bóyá iná pupa tó ní àwòrán tẹmómítà nínú omi wà lára wọn. Ọ̀pọ̀ mọ́tò tó ní iná méjì yìí máa ń tan pupa yẹn láti dán an wò, ìwé mọ́tò yín á sọ tiyín. Tó bá jẹ́ èyí tó yẹ kó tàn ni tí kò tàn, ó ti kú nìyẹn tàbí kẹ́nì kan ti yọ ọ́, mo sì ti rí tòkunbọ̀ tí wọ́n yọ ọ́ kí wọ́n lè rí i tà. Iná búlúù ní tiẹ̀, nígbà tẹ́ ẹ bá sítáàtì láàárọ̀ ló yẹ kó wà níbẹ̀ kó sì kúrò lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, bí búlúù ò bá kúrò títí ẹ fi dé ibi iṣẹ́, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti yọ tẹmositáàtì yín.

Ohun tẹ́ ẹ máa rà ni sikánà kékeré tí wọ́n ń pè ní ELM327, kò tóbi ju páálí ìṣáná méjì lọ. Ojúhò OBD, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń ka ohun tí brainbox ń sọ, ló máa ń wọ̀, ẹ wo abẹ́ sítíárìn, lókè ibi tí orúnkún awakọ̀ máa ń wà, ẹ máa rí ojúhò kan tó ní ihò 16. Mọ́tò tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà láti 1996 wá ló ní in dandan, tí Yúróòpù tó ń lo pẹtiróòlù láti 2001, dísù tẹ̀ lé e lẹ́yìn náà. Tẹ́ ẹ bá ń lo fóònù Android, èyí tó ní Bluetooth ti tó, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo iPhone, ẹ béèrè èyí tó ní WiFi tàbí Bluetooth LE, tí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀ fóònù yín ò ní rí i. Ẹ lè rí i rà ní Computer Village Ìkẹjà tàbí ní Ládípọ̀, àmọ́ ẹ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ dán an wò nínú mọ́tò yín kẹ́ ẹ tó sanwó, torí ayédèrú pọ̀ níbẹ̀, òmíì á tan iná àmọ́ kò ní bá mọ́tò yín sọ̀rọ̀.

Ẹ gbé áàpù bíi Torque tàbí Car Scanner sórí fóònù, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ON, ẹ so Bluetooth pọ̀, tó bá béèrè nọ́ńbà àṣírí, 1234 tàbí 0000 ni lọ́pọ̀ ìgbà. Wọ́n á kó oríṣiríṣi nǹkan síwájú yín, ẹ má jẹ́ kó dà yín láàmú, èyí tí wọ́n pè ní coolant temperature nìkan ni kẹ́ ẹ gbé sójú, kó tóbi, kó wà ní Celsius. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé mọ́tò sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ yọ sikánà yẹn, ó máa ń mu bátìrì díẹ̀díẹ̀.

Iṣẹ́ gidi wá bẹ̀rẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ mọ nọ́ńbà mọ́tò tiyín. Ẹ má gba nọ́ńbà lẹ́nu mi, ẹ má sì gba tẹni tó ní irú mọ́tò yín, torí àwọn ẹ́ńjìnnì kan wà tí wọ́n ṣe pé kó máa ṣiṣẹ́ ní 105 tí kò sì sí nǹkan tó ṣe é, òmíì tó bá dé 105 ẹ ti wọ wàhálà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ kùtùkùtù kẹ́ ẹ tó sítáàtì, nọ́ńbà tẹ́ ẹ máa rí gbọ́dọ̀ sún mọ́ bí ojú ọjọ́ ṣe rí, l'Ékòó ó lè jẹ́ 25, 26, 28. Tó bá sọ 55 nígbà tí mọ́tò ti sùn mọ́jú, sẹ́ńsọ̀ ń purọ́. Tó bá sọ òdo ó dín ogójì, ìyẹn -40, wáyà ti já tàbí kó ti yọ lẹ́nu sẹ́ńsọ̀, ẹ pe rẹwáyà. Ẹ wá sítáàtì, ẹ má tíì tan AC, ẹ máa wò ó bó ṣe ń gòkè, nígbà tó bá fi dé bíi 82 sí 90 tẹmositáàtì á ṣí, nọ́ńbà á já wálẹ̀ díẹ̀, á tún padà gòkè, ìyẹn fi hàn pé tẹmositáàtì wà níbẹ̀ ó sì ń ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kó dúró síbẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́ títí fáànù á fi wọlé fúnra rẹ̀, ẹ kọ nọ́ńbà tó ti wọlé sílẹ̀ àti èyí tó ti pa. Lẹ́yìn náà ẹ gbé e jáde lọ́sàn-án nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ pẹ̀lú AC, ẹ kọ nọ́ńbà tó ga jù lọ, kẹ́ ẹ tún gbé e lọ sójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn ní 100 kìlómítà láàárín wákàtí kan, ẹ kọ ìyẹn náà, ọwọ́ ẹni tó jókòó tì yín ni kó fi kọ ọ́ o, kì í ṣe ẹ̀yin tẹ́ ẹ di sítíárìn mú. Ẹ mú nọ́ńbà gósílò yẹn, ẹ fi mẹ́jọ kún un, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti jẹ́ kí áàpù máa ké. Tí tiyín bá jẹ́ 97, kó ké ní 105. Tó bá ti ń ké, fóònù lè wà nínú àpò, ẹ ò ní máa wò ó lójú títì.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú nọ́ńbà yìí ni pé ó máa ń sọ ibi tí àìsàn wà kẹ́ ẹ tó dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, ẹ ò sì ní máa ra páàtì kiri. Tó bá ń gòkè nínú gósílò àmọ́ tó ń sọ̀kalẹ̀ kíá tẹ́ ẹ bá ti ń sáré, atẹ́gùn ni kò tó, fáànù ni, ẹ wo fíúsì, ẹ wo rílè, ẹ wo mọ́tò fáànù fúnra rẹ̀, rádíétọ̀ ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Tó bá jẹ́ òdìkejì ni, gósílò dáa, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ dé 110 lójú ọ̀nà tàbí tẹ́ ẹ bá ń gun òkè ó ń lọ sókè, omi ni kò rìn tó, rádíétọ̀ ti di nínú pẹ̀lú ìpẹtà tàbí kí ewé àti kòkòrò ti dí i lóde, ó lè jẹ́ wọ́tà-pọ́ọ̀ǹpù, omi sì lè ti dín kù. Tí kò bá dé 75 rárá lójú ọ̀nà, àfi tẹ́ ẹ bá dúró, tẹmositáàtì ti há sílẹ̀ ní ṣíṣí tàbí kò sí níbẹ̀ mọ́, iná check engine pẹ̀lú kóòdù P0128 náà lè bá a rìn. Tó bá ń fò, 90, 104, 92, 108, láìsí ìdí, afẹ́fẹ́ ti wà nínú omi, ó lè jẹ́ omi ló dín, ó lè jẹ́ ẹ́ńjìnnì ló ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi láti ibi gásíkẹ́ẹ̀tì tọ́ọ̀pù, ìyẹn ò ṣeé fi dọ́la o. Èyí tí mo bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ máa rántí ju gbogbo rẹ̀ lọ ni èyí: tó bá ti ga tó wá já wálẹ̀ lójijì sí 70 tàbí 60 nígbà tẹ́ ẹ ṣì wà lórí ìrìn, ẹ má dúpẹ́, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́ ẹ pa á, ó ṣeé ṣe kí omi ti kúrò lára sẹ́ńsọ̀.

Ọ̀rọ̀ tẹmositáàtì yìí ń dùn mí gan-an. Mẹkáníìkì á sọ pé ilẹ̀ wa gbóná, kò sí yìnyín níbí, kí la fẹ́ fi tẹmositáàtì ṣe, á yọ ọ́ jù sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ́ńjìnnì tí ò gbóná tó, brainbox á rò pé àárọ̀ ṣì ni, á máa da epo sí i, ẹ̀yin lẹ máa san owó epo yẹn lójoojúmọ́, ọ́ìlì náà á máa dọ̀tí kíá torí kò gbóná débi tí omi inú rẹ̀ á fi gbẹ. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì míì, tẹmositáàtì yẹn kan náà ló ń dí ọ̀nà tí omi máa ń gbà yí padà láì dé inú rádíétọ̀, tẹ́ ẹ bá yọ ọ́, apá kan omi gbígbóná á máa yípo sínú ẹ́ńjìnnì láì tutù rárá, mọ́tò tí wọ́n ní àwọn ń tù á wá gbóná sí i nínú gósílò. Bákan náà ni fáànù tí wọ́n so mọ́ bátìrì tààrà kó lè máa yí ní gbogbo ìgbà, kò wo àìsàn sàn, ó kàn bò ó mọ́lẹ̀ ni, ọjọ́ tí mọ́tò fáànù yẹn bá jóná nínú gósílò orí bíríjì Third Mainland, ẹ máa mọ̀. Ẹ dá tẹmositáàtì padà, ẹ ra ìdérí rádíétọ̀ tuntun tó ní nọ́ńbà tó bá ti mọ́tò yín mu, ẹ da omi kànga yẹn nù kẹ́ ẹ fi kúlántì sí i. Òtútù nìkan kọ́ ni kúlántì wà fún, òun ni kì í jẹ́ kí irin dípẹtà nínú. Ẹ má wo àwọ̀, pupa tàbí ewé ò sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé mọ́tò yín ni kẹ́ ẹ rà.

Ẹ̀yin tí mọ́tò yín dàgbà ju OBD lọ, géèjì wà tí wọ́n ń tà lọ́tọ̀, tó ní túùbù kọ́pà tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn, kò nílò iná rárá, wọ́n á gé hóòsì òkè wọ́n á fi páìpù tó ní ojúhò sẹ́ńsọ̀ sáàárín. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ká túùbù yẹn já, ó ti bàjẹ́ nìyẹn.

Tí áàpù bá ké, ẹ pa AC lójú ẹsẹ̀, ẹ ṣí wíńdò sílẹ̀, ẹ yí hítà sí ibi tó gbóná jù kẹ́ ẹ sì tan fáànù rẹ̀ dé òpin, yóò ni yín lára lóòótọ́ àmọ́ rádíétọ̀ kékeré ni hítà yẹn, á fa ooru kúrò lára ẹ́ńjìnnì. Tó bá ń sọ̀kalẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan méjì, ẹ rọra wà á dé ibi tó dáa. Tí kò bá sọ̀kalẹ̀, tàbí tí iná pupa bá ti tàn, ẹ yà, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì tí ooru ò bá rú, kẹ́ ẹ sì kúrò níbẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kan ìdérí rádíétọ̀. Omi tó ju 100 lọ wà lábẹ́ rẹ̀, ìdérí yẹn nìkan ló dì í mú, tẹ́ ẹ bá ṣí i á fò mọ́ yín lójú bí iná, èèyàn ti fọ́jú nípa rẹ̀. Ẹ dúró ó kéré tán wákàtí kan, títí ẹ fi lè gbé ọwọ́ lé hóòsì òkè láì fà á kúrò. Ẹ má da omi tútù lé ẹ́ńjìnnì gbígbóná lórí, ẹ má sì dà á sínú rẹ̀, ibẹ̀ ni sìlíńdà hẹ́ẹ̀dì ti ń là. Tó bá tutù tán tẹ́ ẹ rí i pé omi ti lọ, ẹ fi omi sí i díẹ̀díẹ̀, ẹ sítáàtì, tí ìfófòó bá ń yọ lẹ́nu rádíétọ̀ láì dáwọ́ dúró, ẹ pa á padà kẹ́ ẹ pe àwọn tó máa wọ́ ọ lọ, owó wíwọ́ ò tó owó ẹ́ńjìnnì.

Nọ́ńbà tèmi wà nínú ìwé pélébé kan tí mo lẹ̀ mọ́ inú pigeonhole: àárọ̀ 26, tẹmositáàtì 84, fáànù wọlé 96 ó pa ní 91, gósílò 98, títì 90. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni mo kọ 106 sí pẹ̀lú bírò pupa, torí àbúrò mi máa ń yá mọ́tò náà lọ sí Abẹ́òkúta.